Owó kejì: aago chronograph àtijọ́ tí mo rà ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, àti owó sáfíìsì rẹ̀

1.
Láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò aago yẹn síbí, DM mi ò sinmi mọ́. "Àǹtí, èló ni?" "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rà á?" Ẹ jókòó, mo fẹ́ dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Aago yẹn ní owó méjì. Owó àkọ́kọ́ ni èyí tí mo kà lé ẹni tó tà á lọ́wọ́: ₦165,000. Owó kejì ni èyí tí mo yà sọ́tọ̀ fún sáfíìsì rẹ̀: ₦95,000. Owó àkọ́kọ́ ni gbogbo yín ń bèèrè. Owó kejì ló ni ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

2.
Fún ẹni tí kò bá mọ̀: chronograph ni aago ọwọ́ tó ní stopwatch nínú ara rẹ̀. Ó ń sọ àsìkò bíi ti gbogbo aago, ṣùgbọ́n bọ́tìnì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ ti òkè, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri ojú aago. Ẹ tún un tẹ̀, á dúró. Ẹ tẹ ti ìsàlẹ̀, á fò padà sórí 12. Aago lásán ń sọ fún yín pé aago mélòó ló lù. Chronograph ń sọ bí nǹkan ṣe pẹ́ tó.

3.
Ẹ wo èdè wa náà ṣáà. Láti ara agogo la ti rí "aago", ìdí nìyẹn tí a ṣì fi ń sọ pé "aago méjì ti lù" nígbà tó jẹ́ pé fóònù wa ò lu nǹkankan. Ìṣẹ́jú: bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú àáyá: bí àáyá ṣe ń ṣẹ́jú, ọ̀bọ tí ojú rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ẹni tó ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́n jù mí lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi mí pé kí ni chronograph ń ṣe, mo máa ń ní: ó ń ka ojú tí àáyá ń ṣẹ́. Mo ra aago tó ń ka ojú àáyá.

4.
Èyí tí mo rà, Seiko ni, 6139 ni nọ́ńbà ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ọdún 1969 ni àwọn aláago ayé ń bá ara wọn du ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe chronograph tí kò nílò kí èèyàn máa yí i lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ ẹni ṣe ń mì ni agbára ń wọ inú rẹ̀. Zenith kéde tiwọn ní oṣù kìíní. Heuer, Breitling àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde ní oṣù kẹta. Seiko ti ń ta tiwọn ní ọjà Japan nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún. Títí dòní, àwọn tó fẹ́ràn aago ṣì ń jà lórí ẹni tó gba ipò kìíní. Èmi ò dá sí ìjà yẹn o.

5.
Ọ̀kan nínú àwọn 6139 yìí ti dé òfurufú rí. William Pogue, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀kan sọ́wọ́ lọ sí Skylab ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, ó sì di oṣù kejì ọdún 1974 kó tó padà sáyé. Aago ara rẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí ìjọba fún un. Aláwọ̀ ìyeyè ni tiẹ̀, etí aago náà pupa àti búlúù bíi agolo Pepsi. Ìdí nìyẹn tí aláwọ̀ ìyeyè fi wọ́n ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Tèmi, ojú búlúù ló ní. Ojú búlúù ni owó mi mọ̀.

6.
Ẹ yí ẹ̀yìn aago náà padà, ẹ máa rí nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ọdún, ìkejì ń sọ oṣù. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 52: ọdún tó parí sí 5, oṣù kejì. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé láàárín ọdún 1969 sí ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣe 6139, ọdún tó parí sí 5 nínú rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: 1975. Oṣù kejì ọdún 1975. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó nígbà yẹn. Owó Údójì! Ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, wọ́n tún san èyí tó ti wà nílẹ̀ pọ̀, gbogbo ìlú wá ń ra rédíò, alùpùpù, àti aago. Mi ò lè búra pé owó Údójì ló ra tèmi nígbà náà, àmọ́ ó wù mí láti gbà bẹ́ẹ̀.

7.
Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Lagos Island mọ̀ pé ọ̀nà ilé ẹjọ́ ni. Ilé ẹjọ́ gíga tó wà níbẹ̀ jóná ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, a ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Àmọ́ lọ́yà ṣì ń rìn kiri pẹ̀lú aṣọ dúdú, àwọn tó ń tẹ ìwé ṣì pọ̀, èmi náà wà lára wọn. Tí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀, ẹ ti wọ Campos, Bámgbóṣé, gbogbo Pópó Àgùdà níbi tí àwọn tó dé láti Brazil kọ́lé sí láyé àwọn bàbá ńlá wa. Nǹkan àtijọ́ ò jẹ́ tuntun ládùúgbò wa.

8.
Iṣẹ́ mi: affidavit, àdéhùn ilé, lẹ́tà. ₦500 ni oníbàárà ń san fún ojú ìwé kan, ₦200 nínú rẹ̀ ni tèmi, ọ̀gá mi ló ni ìyókù. Mo tún ní owó oṣù díẹ̀ lórí rẹ̀. Mò ń sọ èyí nítorí pé ojú ìwé ni mo fi ń ka owó. Aago ₦165,000 jẹ́ ojú ìwé 825. Owó sáfíìsì ₦95,000 jẹ́ ojú ìwé 475. Tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ fi iṣẹ́ yín wọ̀n ọ́ kí ẹ tó fi náírà wọ̀n ọ́. Ara yín á balẹ̀, tàbí kó má balẹ̀.

9.
Ibi tí owó ti wá: àjọ. Èèyàn mẹ́wàá ni wá, ₦30,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦300,000. Ó kàn mí ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ẹ rántí pé ẹni tó ti kó àjọ ṣì ń dá o. Nítorí náà owó yẹn kì í ṣe owó ọ̀fẹ́, gbèsè tó ń rẹ́rìn-ín ni. Kí n tó ra ohunkóhun, mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé: aago, kò gbọdọ̀ ju ₦170,000 lọ. Sáfíìsì, ₦95,000. Bẹ́lítì tuntun, ₦12,000. Ìyókù, Màámi.

10.
Kí n tó lọ bá ẹni tó ń ta aago, ẹni tó ń tún aago ṣe ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ gbé èyí sọ́kàn. Bàbá kan wà tó ń jókòó lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ kan, kò jìnnà sí Campos. Tábìlì kékeré, àpótí onígíláàsì, awò kékeré tó máa ń fi sójú kan. Láti kékeré ló ti ń ṣiṣẹ́ náà. Mo fi fọ́tò aago hàn án lórí fóònù. Ó wò ó títí.

"Ọmọ mi, ta ló fẹ́ rà á?"
"Èmi ni, sà."
"Kì í ṣe oníbátìrì o."
"Mo mọ̀, sà."
"O mọ̀ pé o mọ̀. Ṣé o mọ owó ẹ̀?"

11.
Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Aago ọwọ́ lásán, á tú u, á fọ̀ ọ́, á kán ọ́ìlì sí i, á tò ó padà. Chronograph, aago méjì ló wà nínú ara wọn: èyí tó ń sọ àsìkò, àti èyí tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó ní nínú 6139, àárín ẹ̀rọ náà ni ibi tó le jù wà: abala méjì tó dùbúlẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí stopwatch bá dúró, ọwọ́ irin kékeré méjì ló ń há wọn kí wọ́n má baà so pọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ọwọ́ irin á ṣí, abala méjèèjì á gbá ara wọn mú, wọ́n á jọ máa yí. Ọ́ìlì àtijọ́ tó bá ti di gọ́ọ̀mù síbẹ̀ nìkan ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe ò ní fọwọ́ kàn án rárá.

12.
"Bàbá, tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Kí ló dé tí mo fi máa fọ̀ ọ́?" Ìbéèrè tí gbogbo yín náà ń bi mí nìyẹn. Ó ní, "Mọ́tò tí kò ní ọ́ìlì náà ń ṣiṣẹ́. Títí dìgbà wo?"

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ 6139 ń lù ní ìgbà 21,600 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójúmọ́ kan: 518,400. Lọ́dún kan: 189,216,000. Tí ọ́ìlì bá ti gbẹ, irin ló ń ha irin ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ń jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ariwo, àsìkò tó ń sọ sì lè ṣì péye. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, kì í ṣe fífọ̀ ló nílò mọ́, jíà tuntun ni. Jíà tuntun fún aago ọdún 1975, ó di kí ẹ wá aago mìíràn pa kí tiyín lè yè.

13.
Ó dá owó fún mi: ₦60,000 fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo wá fi ₦35,000 lé e fún ohun tó bá bàjẹ́: sípíríǹgì ńlá, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, gíláàsì ojú rẹ̀. Kí ló dé tí mo fi fi tó bẹ́ẹ̀ lé e? Dọ́là ni. Ohun èlò yìí ò sí ní Ìdúmọ̀tà, ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń wá. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní ilé ìfowópamọ́. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ó ti ju ₦1,500 lọ. Ohun èlò dọ́là 25 tó jẹ́ ₦11,500 tẹ́lẹ̀ di ₦37,500, a ò tíì ka owó tí wọ́n máa fi gbé e wá. Ohun èlò náà ò yí padà. Àpò wa ló yí padà.

14.
Ó wá di ọjọ́ ọjà. Àlàájì tó ń ta á, òrùka, ṣéènì, gíláàsì ojú àti aago àtijọ́ ló ń ta lábẹ́ àńbùrẹ́là. Bó ṣe rí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ṣé ọkọ yín lẹ fẹ́ ra aago fún?" Mo ní rárá, sà, èmi ni mo fẹ́ lò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í ṣọ́ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe.

Ohun tí mo yẹ̀ wò nìyí, ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́:

15.
— Ẹ mì í díẹ̀, kí ẹ gbé e sétí. Ṣé ó ń lù bó ṣe yẹ?
— Ẹ tẹ bọ́tìnì òkè. Ṣé ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gbéra lójú ẹsẹ̀, àbí ó kọ́kọ́ gbọ̀n?
— Ẹ dá a dúró, ẹ dá a padà. Ṣé orí 12 gan-an ló dúró sí?
— Ẹ tẹ kókó tó wà láàárín bọ́tìnì méjèèjì. Nínú 6139, títẹ̀ ẹ́ ló ń yí ọjọ́ padà.
— Tí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ yí kókó yẹn kó lè fún aago lágbára, ẹ mọ̀ pé kò mọ ohun tó ń tà. 6139 kì í gba agbára báyẹn. Mímì ló mọ̀.
— Ẹ wo ojú aago dáadáa. Tí kíkùn rẹ̀ bá tàn yòò ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, tí lẹ́tà rẹ̀ nípọn, wọ́n ti tún un kùn.
— Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6139. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, wọ́n ti fi ara aago kan wọ aago kejì.

16.
Tèmi yege nínú gbogbo rẹ̀ àyàfi méjì. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ò padà sórí 12 gan-an, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá méjì kọjá. Èkejì, mo jókòó tì í, mo ra ẹ̀pà, mo bá Àlàájì sọ̀rọ̀ Èkó àtijọ́, aago náà dákẹ́ lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta. Aago tó ti gba agbára dáadáa yẹ kó lò ju ọjọ́ kan lọ. Inú mi dùn nígbà tó dákẹ́. Ó dákẹ́ lójú ẹni tó ń tà á.

17.
₦250,000 ló kọ́kọ́ pè.
"Àlàájì, ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó. Ó ti dákẹ́."
"Mì í, á jí."
"Á jí, sà, àmọ́ kò ní pẹ́ tó fi máa tún sùn. Mo ti béèrè owó fífọ̀ ẹ̀. ₦95,000 ni, pẹ̀lú ohun èlò. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ pè."
"Háà! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé lọ́yà ni ẹ́?"
"Rárá sà. Èmi ni mò ń bá wọn tẹ̀wé."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. ₦250,000, ẹ yọ ₦95,000 kúrò, ó ku ₦155,000. Ó ní òun náà gbọ́dọ̀ jẹun. Mo fi ₦10,000 lé e, ó di ₦165,000. Òfin kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo òkun ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ẹ lọ béèrè owó sáfíìsì kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà dúnàádúrà, ẹnu rẹ̀ máa ń gbà á.

18.
Kí aago ẹyọ kan má baà di wàhálà lọ́jọ́ iwájú, mo tún ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bàbá ní tí òun bá fọ̀ ọ́ dáadáa, kí n mú un padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún jẹ́ oṣù 60. Tí mo bá pín ₦95,000 sí oṣù 60, ó jẹ́ ₦1,583 àti díẹ̀. Mo sọ ọ́ di ₦2,000, torí iye tí nǹkan jẹ́ lónìí kọ́ ló máa jẹ́ lọ́dún márùn-ún. Ìyẹn á fún mi ní ₦120,000. Ojú ìwé mẹ́wàá lóṣù. Mo máa ń tẹ ìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Tí ẹ bá pín in sí wẹ́wẹ́, aago ò le. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pa èèyàn.

19.
Ó wá di oṣù kìíní. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní SS3. WAEC, NECO, àti oríṣiríṣi owó tí ilé-ìwé rẹ̀ fi lé e tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦80,000, ọ̀sẹ̀ kan ló sì kù kí wọ́n ti orúkọ pa. Màámi ń ta aṣọ ní Balógun, ọjà lẹ́yìn Kérésì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọn ò béèrè owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn pè, wọ́n ní, "Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà." Ẹni tó bá jẹ́ àkọ́bí mọ̀ pé ìbéèrè ni gbólóhùn yẹn.

20.
₦95,000 wà nínú àpò ìwé kan, mo kọ AAGO sára rẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹnìkan ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pàápàá: "Kí ló dé tí ọmọ tálákà ń ra aago àtijọ́?" Ẹ gbọ́. Tí mo bá ti ná gbogbo owó àjọ yẹn sórí aago láì ya ti sáfíìsì sọ́tọ̀, ₦80,000 yẹn ì bá má sí níbì kankan. Owó sáfíìsì aago ló forúkọ àbúrò mi sílẹ̀ fún WAEC. Mo ka ₦80,000 fún Màámi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Wọ́n wo àpò ìwé náà, wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, "Aago wo?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni bàbá wọn ní. Wọn ò sọ nǹkan mìíràn.

21.
Ó ku ₦15,000. Àti aago tí kò ní ọ́ìlì. Kí lẹ máa ń ṣe nírú àsìkò yẹn? Èmi bọ́ ọ lọ́wọ́. Mo jẹ́ kó sinmi, mo fi aṣọ rírọ̀ wé e, mo kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi, sínú agolo pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀sà ló yí wa ká ní Island, afẹ́fẹ́ wa ní omi nínú, irin kì í sì í bá omi ṣọ̀rẹ́. Bàbá ní, "Aago tó sùn ò kú. Èyí tó ń rìn láìjẹun ló ń kú." Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ìdí tí mi ò fi fi í sọ́wọ́ nínú fídíò tuntun, ìdí nìyẹn.

22.
Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo lọ sọ fún Bàbá pé owó ò tíì pé, ó ní kí n má fi falẹ̀ o. Lẹ́yìn Iléyá, òun ń padà sí Ìjẹ̀bú. Ojú òun ò gbé e mọ́. Mo bi í pé ta ló máa jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́nikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ tó ní kẹ́yìn ti lọ ń tún fóònù ṣe, torí pé ibẹ̀ ni owó wà. Ó sọ ọ́ láìbínú. "Fóònù ń bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Aago ń dúró ọdún márùn-ún kó tó padà wá bá ẹ. Ebi á ti pa ẹ́."

Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn rò títí mo fi délé. Ètò ọlọ́dún márùn-ún tí mo fi ń yangàn fún yín lókè, tó ń mú ₦2,000 wá lóṣù: ta ni mo fẹ́ san án fún?

23.
Mo ní kó jẹ́ kí n san díẹ̀díẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ̀. Ó ní aago tí èèyàn tú tí kò tíì tò padà, erùpẹ̀ ló ń dà. Sùkúrúù kan á bọ́, ẹlòmíràn á gbé tábìlì, ó ti parí. Ọjọ́ tí owó bá pé ni òun máa ṣí i, ọjọ́ yẹn náà ni òun máa bẹ̀rẹ̀, òun ò ní dìde títí òun á fi parí. Mo gbà. Ó gba ₦15,000 náà gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀, ó kọ orúkọ mi sínú ìwé kan tí àwọn orúkọ inú rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Mo ní kí n máa fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń ṣe é, kí iṣẹ́ náà má baà parun. Ó wo fóònù mi. "Yà á. Ṣùgbọ́n fóònù ò ní ọwọ́."

24.
Ibi tí a dé nìyí, mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Mo ṣì ń dá àjọ ₦30,000 lóṣù. Lẹ́yìn rẹ̀, ₦10,000 ni mo lè yọ fún aago. Oṣù kejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún: ₦40,000. Ẹ fi ₦15,000 kún un, ó jẹ́ ₦55,000. Ó ku ₦5,000 kí iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá tó pé ₦60,000 kó tó di Iléyá. Ìyẹn jẹ́ ojú ìwé 25, mo máa rí i tẹ̀. Ti ohun èlò ₦35,000 ni mi ò rí. Tí sípíríǹgì bá dára nígbà tó bá ṣí i, a ti ṣe é nìyẹn. Tí kò bá dára, Bàbá ní òun á fọ ìyókù, òun á sì kọ ohun tó kù sórí ìwé fún ẹni tó bá máa ṣe é lẹ́yìn òun. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, "Wá a."

25.
Nítorí náà mò ń wá a. Mo ti béèrè ní Ìdúmọ̀tà, mo ti béèrè ní Ọbáléńdé. Bátìrì àti bẹ́lítì ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Tí ẹ bá ní àbúrò tó máa ń tú rédíò tí í fi í sílẹ̀ láìtò padà, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, tó lè jókòó sójú kan, ẹ bá mi bi í bóyá ó fẹ́ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà kan fún oṣù díẹ̀. Bàbá ní òun ò ní gba kọ́bọ̀. Kí ó ṣáà ti máa tètè dé.

26.
Fún ẹ̀yin tó fẹ́ rà: ẹ rà á, ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ọwọ́ tó máa tún un ṣe, lẹ́yìn náà owó tó máa san fún ọwọ́ yẹn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá aago. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ló dà bí ẹni pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn.

Àbúrò mi ń kàwé nínú yàrá kejì báyìí. Ó ní kí n gbé aago náà wá kó lè fi í ka wákàtí ìdánwò tó fi ń dánra wò. Mo ní rárá, ó ń sùn. Ó lè lo fóònù.

Mo ti parí. Ẹ kọ ìbéèrè yín sábẹ́, màá dáhùn lẹ́yìn iṣẹ́. Ojú ìwé 25 ń dúró dè mí.